Orúkọ Tí Mo Sọ Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọkọ mi ń gbọ́ ètò yín.

Ìyàwó tuntun ni mí, aránṣọ ni mí, ìwé mi ò sì pọ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ọpọlọ ọmọ náà sì já fáfá. Torí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, mo sọ ọ́ ní Dókítà, gbogbo ilé sì gbà á. Mi ò jẹ́ kó fọ abọ́. Èmi ni mò ń di ìwé mú, tí mò ń bi í ní ìbéèrè.

Lánàá ló bú sẹ́kún. "Ìyàwó wa, ẹ má pè mí ní Dókítà mọ́. Aránṣọ bíi tiyín ni mo fẹ́ dà."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi á ní èmi ni mo yí i lórí!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún ọkọ mi ni, àbí kí n dákẹ́? Láàárọ̀ yìí tí mo fẹ́ jí ọmọ náà lójú oorun, mi ò mọ ohun tí n ó pè é. Mo kàn rọra kanlẹ̀kùn ni.