Èémí Màlúù Céline

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì, 1987

Ẹ̀rù ń bà mí pé Céline ti kú. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Mi ò lè sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni.

Ìwé tuntun nìyí, nítorí náà màá tún gbogbo rẹ̀ sọ. Oṣooṣù ni lẹ́tà rẹ̀ máa ń dé láti Libreville ní Gàbọ̀n. Èyí tó dé kẹ́yìn, oṣù keje ọdún tó kọjá ni. Ó ní òun ń ránṣọ fún ìyàwó òyìnbó kan, ó ní kí n má dààmú. Láti ìgbà náà — kò sí. Mo kọ̀wé, mo tún kọ. Mo bẹ ọkùnrin ará Anié kan tó ń lọ sí Gàbọ̀n kó bá mi wá a. Kò rí i. "Ìlú ńlá ni, Màmá," ni Gérard wí. Bí ẹni pé ìlú ńlá kì í gbé ọmọ ènìyàn mì.

Gérard ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, kò tíì láya, inú ilé kan náà la jọ wà ní Datcha. Òun náà ń kó mi lọ́kàn sókè, ṣùgbọ́n òun, mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú yàrá.

Mo bi í lónìí: màlúù Céline ńkọ́? Ó ní ó ń jẹ, ó ń sanra. Àyà mi rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kejì

Èmi tí àwọn Sísítà kọ́ níwèé dé ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú ń tì mí láti kọ eléyìí.

Kí bàbá wọn tó kú, ó so màlúù kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì. Akọ pupa, ti Gérard. Abo funfun elétí dúdú, ti Céline. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ náà ṣe fún un. Inú agbo Gàfárù ni wọ́n wà, Fúlàní tó ń bá wa da màlúù. A kì í tà wọ́n, a kì í pa wọ́n. Ti ọmọ ni.

Ìyókù, èmi ni mo fi kún un. Látìgbà tí lẹ́tà ti dá ni mo ti ń bèèrè màlúù. Bó bá ń jẹ, Céline ń jẹ. Bó bá ń rìn dáadáa, ara Céline le. Fada ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ìbẹ̀rù yìí, Àlejò ni mò ń pè é. Ó ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó ń jókòó sí mi láyà, kì í bèèrè omi.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kejì

Gérard ríṣẹ́! Òyìnbó kan dé, ó fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu màlúù àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, àwa tí a ní méjì, mẹ́ta. Ó ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ èdè Ifẹ̀ wa, tó sì lè bá Fúlàní sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ títí di ìgbà òjò.

Òyìnbó ní ọ̀dọ̀ wa ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará ìlú má baà bẹ̀rù. Gérard ò fi bẹ́ẹ̀ láyọ̀ sí ìyẹn. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kejì

Mísà. Mo gbàdúrà fún ọmọ kan, mo gbàgbé èkejì. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rántí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kejì

Òyìnbó náà wá kí mi. Ó ga, oòrùn ti sọ ọ́ di pupa, ó gbé àpò rọ́bà ńlá kan lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ. Mo ti sọ ọ́ ní Mùsíyé Rọ́bà nínú ọkàn mi. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Mo fi Faransé dá a lóhùn, ó yà á lẹ́nu, inú mi dùn sí i.

Ìbíọlá, àbúrò ọkọ mi, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè gbọ́. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Bí ọkùnrin náà ti lọ, ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló ní òun ń wá?" Mo ní afẹ́fẹ́ inú màlúù. Ó pàtẹ́wọ́: "Ìsó! Ó wọ ọkọ̀ òfurufú torí ìsó! Kó wá sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lálẹ́ ọjọ́ kan tó jẹ ẹ̀wà, kò ní í wá màlúù mọ́." Mo ní kì í ṣe ti ẹ̀yìn, ti ẹnu ni, ìgùfẹ̀ ni. Ó ní, "Kò yẹ kí wọ́n wọn ìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n máa fọwọ́ bo ẹnu."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo dákẹ́, omi náà ò dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejì

A lọ sí gàá Gàfárù. Òkèèrè ni mo dúró sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi — akọ màlúù kan kàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò sún mọ́ wọn mọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọ̀ ni mo fi ń mọ tiwa.

Mùsíyé Rọ́bà rìn láàárín wọn, ó fọwọ́ lé funfun elétí dúdú. Ó ní èyí lòun fẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Gérard yára dá sí i: kó mú dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dára jù. Òyìnbó kọ̀.

Ọkàn mi fà mọ́ Gérard. Nítorí èmi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àbúrò rẹ̀.

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Bí mo bá ní rárá, iṣẹ́ ọmọ kan lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò dí ẹnu màlúù ọmọ kejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo lè ṣe?

Mi ò rí akọ pupa ti Gérard. Gàfárù ní ó ń jẹ̀ lápá odò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kejì

Wọ́n dè é mọ́ igi. Gàfárù di ìwo rẹ̀ mú, ó ń kọrin Fúlàní sí i létí. Gérard fi ìbòmú rọ́bà bò ó lẹ́nu àti nímú, páìpù gígùn ń ti ibẹ̀ lọ sínú àpò. Ó mi orí, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó gbà. Ó ń mí. Bó ti ń gùfẹ̀ ni àpò náà ń wú.

Ojú rẹ̀ ń wò mí lórí rọ́bà yẹn. Mo ní: Céline, ṣé ẹnu rẹ náà ni wọ́n dí?

Mùsíyé Rọ́bà ṣàlàyé. Koríko àti èèpo iṣu tó jẹ ń ru nínú àpòlúkù rẹ̀ bí ọtí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jáde lẹ́nu, ó ń lọ sókè, ó sì ń mú ayé gbóná. Mo ní ṣé kò sàn kó má jáde nígbà náà? Ó ní á, bí kò bá jáde, inú rẹ̀ á wú, á sì kú kíákíá.

Gérard ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Gàfárù. Ìyẹn nìkan ni kò túmọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kejì

Mo lọ sí Atakpamé, sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sí. Àlejò bá mi wọkọ̀ padà.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kejì



Wọ́n wọn màlúù lẹ́ẹ̀kejì. Òyìnbó fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo dáhùn kí Gérard tó la ẹnu: ọdún mọ́kànlá, ọdún tí Céline wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n bí i, ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá la ẹnu màlúù, ó wo inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní "Madame," eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu eléyìí. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Kò bímọ rí.

Mo ní ó ṣàṣìṣe. Ó ní kí n wá wò ó. Mo lọ. Èmi, mo sún mọ́ màlúù. Mo rí eyín kéékèèké náà.

Gérard ń wo ilẹ̀. Gàfárù ń tú okùn tí kò so.

Òyìnbó fi rọ́bà pa mọ́kànlá rẹ́, ó kọ mẹ́ta. Ó ní kò ṣe nǹkan, iṣẹ́ òun ò bàjẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kejì

Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kejì

Gérard sọ ọ́. Mò ń bó iṣu, ó wá jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Oṣù kẹsàn-án ni. Koríko tútù, òjò. Inú màlúù Céline wú láàárọ̀, kí Gàfárù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti ṣubú. Gàfárù sunkún, ó ní òun á wá sọ fún mi. Gérard ní kó má wá. Ó wá èyí tó jọ ọ́ káàkiri gàá, títí dé Glei. Ibẹ̀ ló ti rí i. Akọ pupa tirẹ̀ ló fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo ní, "Ìwọ! O fi tìrẹ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní bó bá ń jẹ, Céline ń jẹ. Kí ni kí n wá sọ fún yín, Màmá?"

Mo ní ta ló sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́."

Mo fẹ́ bínú. Mi ò rí ibi tí màá ti mú ìbínú wá. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí iṣu, bó ṣe ń bó o tín-ín-rín bíi ti bàbá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mo ń bi í léèrè nípa màlúù. Mi ò bèèrè tirẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí a lọ sí gàá yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Oṣù kẹjọ ni lẹ́tà kọ́kọ́ kùnà. Oṣù kẹsàn-án ni màlúù kú. Kì í ṣe oṣù kan náà. Mò ń ṣírò rẹ̀ ṣáá, bí ẹni pé ó lè ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo alẹ́ tí mo sùn láti ìgbà náà, màlúù ará Glei ló mú mi sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹta

Gérard ń húkọ́. Mo se àgbo fún un. Ó mu ún.

Ọjọ́rú Eléérú, 4 oṣù kẹta

Fada fi eérú sí mi níwájú orí. Mo délé, mi ò nù ún.

Céline. Ìwé yìí kì í ṣe tìrẹ, ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Lọ́la màá ya ojú ewé yìí, màá fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn, mi ò ní òmíràn.

Màlúù rẹ kú. Inú rẹ̀ wú, kò rí èémí tú síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi tirẹ̀ dípò rẹ̀ kí n lè máa sùn. Kò ní màlúù mọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Bí o bá dé, òun ni kí o kọ́kọ́ kí.

Mi ò ní kí o wá. Mi ò ní kí o fi nǹkan ránṣẹ́. Bí inú ló ń bí ọ sí mi, kọ ìbínú náà. Bí ojú ló ń tì ọ́, má wulẹ̀ kọ orúkọ sí i, màá mọ ọwọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ kan tó. Mi ò ní màlúù tí mo lè bèèrè mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ló kù tí mo lè bi léèrè.

Ṣé o wà?

Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tètè kọ̀wé padà.