Ọkùnrin Inú Ìwé Tó Mọ Àyà Mi

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ, ìyẹn la fi mọ̀ pé ara rẹ̀ yá.

Ìwé ọkùnrin aláìsàn tí o gbàgbé sórí àga, mo ti kà á. Háà! Ọkùnrin yẹn kò mọ̀ mí rí, a kò jọ jẹun rí, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, ńṣe ló ń dà bíi pé ẹnì kan ń wọ́ àga nílẹ̀ nínú àyà òun. Ta ló sọ fún un? Àga yẹn gan-an ni wọ́n ń wọ́ nínú àyà tèmi láti ìgbà òjò, n kò sì sọ fún ẹ̀dá kankan.

Mo pe nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé náà, mo ní ṣé ara rẹ̀ ti wá yá báyìí. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n má bínú, ẹni tó kọ ìwé ló fi orí ara rẹ̀ ro ọkùnrin náà, kò sí níbì kankan. Mo ní kò burú, kó ṣáà bá mi kí i. Ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ bá dókítà ṣáájú. Á ní, Bàbá, ṣé ara le? Kí n tó mọ̀, ẹnu mi á ti ní a dúpẹ́, ara le koko. Wọ́n kí èèyàn, kí ló tún fẹ́ sọ? Á fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí, màá sì máa lọ, èmi tí orí kò fọ́. Lẹ́yìn ìwé yẹn, mo mú bíírò, mo kọ gbogbo rẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe ń kọ tirẹ̀, n kò fi nǹkan kan bò. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wọn kò ju ìka kan lọ, ni mo bá lẹ ewé ìwé mẹ́rin mọ́ ọn. Dókítà kà á, ó yọ awò ojú, ó tún un kà. Ó gbọ́ àyà mi títí. Ó ní ọkàn ni, kí n tètè wá sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀, pé bí mo bá tún fi oṣù kan dúpẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa kí kú ará fẹ́ra kù.

Ìwé mà ga o! Dúdú lórí funfun lásán, ó rí inú àyà tí ìyá rẹ ti ń gbórí lé fún ogójì ọdún. Ìyá rẹ náà ti ka ewé mẹ́rin yẹn. Kò bá mi jà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi ti ìwé àjákọ kún un, nítorí eékún mi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bá mi wọ yàrá dókítà, bí mo bá tún fẹ́ sọ pé ara le, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. N kò kọ irú rẹ̀ sí ọmọ rí.

Ire tí o ṣe láìmọ̀ yìí, ibi tí o kò fọkàn sí ni èrè rẹ̀ yóò ti pàdé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì ń mí.