Ìbéèrè Yín Nípa Ọmọ Jámánì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti dágbére fáyé, mi ò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ kan sí yín, èmi tí mò ń fi ìwé kíkọ jẹun. Ẹ má bínú. Ara mi le. Mo ṣì wà nílé yín ní Morris Heights. Híítà yàrá yín ṣì ń pariwo bí ìkòkò tó ń hó, òdòdó tí ẹ gbìn sínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé ò sì kú. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é, torí n kì í rántí bomi rin ín.

Mo ti rí ìwé yín. Ìwé nóòtù méje, ẹ̀yìn wọn dúdú-funfun, lókè wọ́dúróòbù, níbi tí ẹ kó wọn sí bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún olè. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ mi dé, torí mi ò ṣàlàyé ẹ̀ fún yín dáadáa rí. Ẹ ti jẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ní Tremont gbà pé dókítà ni mo fẹ́ dà, àwọn màmá ìjọ ṣì máa ń na apá sí mi kí n bá wọn wo ìfúnpá. Dókítà ìtàn ni, Màámi. Ìtàn bí àwọn ará Áyálándì ṣe bá àwọn ìlú Yúróòpù tó kù lò ní ọ̀rúndún tó kọjá: àwọn tí wọ́n bá ṣọ̀rẹ́, àwọn tí wọ́n yẹra fún nígbà ogun, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ nígbà tí ogun parí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn, kí ló kàn án kan Áyálándì? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń rò ó. Àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ fà á ni?

Ta ló ń mú mi dání lọ sí Woodlawn nígbà họlidé, sọ́dọ̀ ìyá arúgbó ará Áyálándì tí ẹ̀ ń tọ́jú? A ó wọ tréènì 4 títí dé òpin ọ̀nà. Ẹ ó kí kọ̀ńdọ́ tó yọ orí lójú fèrèsé, kú iṣẹ́ o, bí ẹni pé ará àdúgbò wa ni, èmi á máa fi ìwé bojú. Bí ẹ bá ti ń wẹ Ìyá Woodlawn lọ́wọ́ (orúkọ tí ẹ fún un nìyẹn), èmi á jókòó ti ibi tó to ìwé sí, mo ń ka ti ìlú ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Orí kan ló dá mi dúró nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìlú Jámánì ti wó, ebi ń pa àwọn ọmọ wọn, àwọn ará Áyálándì bá gba àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà sílé fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Mo lọ Dublin, mo lọ Berlin. Ìwé ìjọba ni mo bá níbẹ̀: ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Bó ṣe rí lára obìnrin tó gba ọmọ ọlọ́mọ, tó tọ́ ọ, tó sì tún dá a padà, mi ò rí i kà níbì kankan. Orí náà gbẹ bíi pánlá. Ọ̀gá mi ní yunifásítì kà á, ó dá a padà fún mi. Mo ti fẹ́ẹ̀ jáwọ́.

Àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé yín kẹta. Yéè, Màámi! Ìyá Woodlawn gba ọmọ Jámánì! Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni nígbà náà, kò tíì bímọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọmọ náà ń sùn torí ẹ̀rù bọ́ǹbù, ó sì ń fi búrẹ́dì pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n wá mú un, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń tú ìka ọwọ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ lẹ kọ, ní Yorùbá, pẹ̀lú bírò tí yíǹkì ẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹ̀yin nìkan ló sọ ọ́ fún, nígbà tí ẹ̀ ń fọ ẹ̀yìn fún un.

Ẹ sì ń sọ ọ́ fún mi! Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìyá Woodlawn, èmi á ti ẹ̀rọ orin bọ etí, n ó máa mi orí bí alángbá. Mo ru ẹran erin lórí, mo ń fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ ní Berlin. Èmi náà ò sì sọ fún yín rí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Jámánì ni mò ń kọ, torí mo rò pé kò ní yé yín. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu, Màámi. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí.

Ojú ewé kan wà tí mi ò lè kà tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi Ìyá Woodlawn bóyá ọmọ náà padà fẹ́ràn ìyá tó bí i, àti ìgbà wo ló tó fẹ́ràn ẹ̀. Kò mọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síra wọn ti dáwọ́ dúró. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo déètì ẹ̀: oṣù tí mo ti Ìṣẹ́yìn dé ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá yín, mo ti pé mọ́kànlá kí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú mi tó jáde. Ẹ dì mọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú JFK, ọwọ́ mi méjèèjì so wálẹ̀. Àǹtí ni mò ń pè yín. Àǹtí! Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Ẹ ò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ máa ń sunkún? Ṣé inú tréènì Woodlawn lẹ ti ń sun ún, kí n má bàa rí i? Ṣé títí ẹ fi lọ lẹ ṣì ń bi ara yín ní ìbéèrè náà? Èyí ni kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ mọ oríkunkun mi. Mo pinnu pé bí ọmọkùnrin Jámánì náà bá ṣì ń mí, n ó gba ìdáhùn ìbéèrè yín wá. Ẹ ti kọ orúkọ ẹ̀ àti ti ìlú ẹ̀ sílẹ̀, mo fi wé àwọn orúkọ tí mo bá ní Berlin, mo sì rí i! Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọmọ ọmọ ẹ̀ obìnrin ló di fóònù mú fún un, tó ń túmọ̀, a sì jọ ń rí ojú ara wa. Mo ka ìwé yín fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo dé ibi búrẹ́dì abẹ́ ìrọ̀rí, bàbá náà bọ́ awò ojú ẹ̀, kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà.

Ó padà fẹ́ràn ìyá ẹ̀, Màámi. Nígbà tó délé, kò gbọ́ Jámánì mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ìyá náà, tó ń fi ojoojúmọ́ kó bíríkì ilé tó wó, lọ bá olùkọ́ kan kó kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àtibá ọmọ inú ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan sọnù mọ́ ìyá náà lẹ́nu, ó bá ṣí àtẹ́lẹwọ́ wò. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ọmọ náà rí i. Ọjọ́ náà ló di ọmọ ẹ̀ padà. Bàbá náà ò rántí ọdún tó jẹ́, àmọ́ ó rántí ọwọ́ yẹn.

Ó gbà kí n fi ìtàn náà sínú iṣẹ́ mi, bí mi ò bá ti dárúkọ ẹ̀. Ọ̀gá mi ti ka orí tuntun náà, ó ní kí n má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni n ó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ẹ̀rù náà lọ. Níbi tí mo to àwọn ẹ̀rí mi sí, orúkọ yín ló tẹ̀ lé Dublin àti Berlin, gbogbo ẹ̀ pátá pẹ̀lú àmì ohùn, àti iṣẹ́ yín: olùtọ́jú arúgbó. Kí ọ̀kan nínú wọn máa bi mí bí ìwé olùtọ́jú arúgbó ṣe di ẹ̀rí ìtàn. Á gbọ́ ẹnu mi! Ẹnu yín kúkú ni mo jogún.

Ó wá ku ìdáhùn tèmi. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá sí ilé ẹ̀kọ́ mi tuntun, tí olùkọ́ fẹ́ fi mí sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí ohùn mi ṣe ń dún? Ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, tẹ̀yin ti aṣọ iṣẹ́ àti bàtà funfun. Gẹ̀ẹ́sì yín ń ga sí i, Yorùbá ń já bọ́ sáàárín ẹ̀, ẹ ń na èsì ìdánwò mi ti Ìṣẹ́yìn sí wọn lójú. Mo ń wolẹ̀. Nígbà tí a jáde, mo sáré ṣíwájú yín, ẹ sì rò pé ojú yín ló ń tì mí. Mo rí i lójú yín, mo sì jẹ́ kí ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀. Rárá o, Màámi. Ẹkún ló fẹ́ já lójú mi. Ẹnì kankan ò jà fún mi báyẹn rí. Ní kọ́nà, kí ẹ tó bá mi, mo pè yín ní Mọ́mì sínú, mo tún un pè, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ mi ni. Láti JFK dé kọ́nà yẹn, oṣù mẹ́wàá péré ló gbà mí.

Èmi ni,
ọmọ yín láti ọjọ́ náà títí di òní.