Ọfà Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ojúlé Kọkànlá,
Ìdí-Oro, Mushin,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1976.

Àkàngbé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àrínọlá àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Kùdírátù ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. A wà láyé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ṣé o rántí Bàbá Sàlíhù, oníná ilé-iṣẹ́ aṣọ wa, tí wọ́n gbà mí sílé fún ọdún méjì gbáko nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó? Ilé-iṣẹ́ fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Ìwọ télọ̀, ìkán ọ́ìlì méjì ti tó máṣíìnì rẹ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa ṣàn sí àwọn bíárìn tó gbé ọ̀pá ẹ̀rọ ìhunṣọ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin á máa họ irin. Pọ́ǹpù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Jíà méjì ló wà níkùn rẹ̀, tí eyín wọn wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há mọ́ra. Mọ́tò tó ń lo iná (kì í ṣe èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sóko o!) á yí ọ̀kan, ìyẹn á yí ìkejì. Àlàfo eyín wọn á bu ọ́ìlì látinú táǹkì, á gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ògiri pọ́ǹpù kọjá. Níbi tí eyín bá ti tún pàdé, àyè ò sí mọ́, ọ́ìlì á fi tipátipá gba páìpù lọ bá bíárìn. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá yí sódì, pọ́ǹpù á kùn bó ṣe máa ń kùn, àmọ́ ńṣe ni á máa fa ọ́ìlì padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fín ọfà sí i lára, kí oníná lè mọ ibi tó yẹ kó yí sí.

Kí ọdún òmìnira tó dé, fóòmàn ní ká kun gbogbo ẹ̀rọ torí àlejò ń bọ̀. Èmi aláṣejù, mo da ọ̀dà aláwọ̀ ewé bo pọ́ǹpù tọfàtọfà. Gbogbo wọn ń yìn mí!

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mọ́tò pọ́ǹpù jóná, Bàbá Sàlíhù sì gbé òmíràn sí i. Wọ́n wá ọfà títí, wọn ò rí i. Èmi ti lọ kírun Àsárì. Wọ́n bá wo pọ́ǹpù ẹ̀rọ kejì, wọ́n sì so waya bí ti ibẹ̀, láì mọ̀ pé òdìkejì nìyẹn ń yí sí. Aago tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn, tó yẹ kó ta wá lólobó, ti kú tipẹ́. Kò pé wákàtí kan, èéfín yọ, bíárìn ti jóná. Fóòmàn ní ogbó ló dé sí baba. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo fi èékánná họ ọ̀dà. Ọfà yọ. Mo yára fi gírísì bò ó.

Lánàá, Bàbá Sàlíhù wá sílé mi. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí mánéjà. Wọ́n ní, "Ṣàfíù, sọ fún wọn pé àṣìṣe mi ni. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Kí wọ́n ṣáà ṣàánú mi." Kálámù bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rò pé ibà ni, wọ́n ní kí Kùdírátù po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Àkàngbé, ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ kan yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá lé mi, níbo ni mo fẹ́ gbé aláboyún gbà?

Bá mi kí màmá rẹ àti Àrínọlá. Jọ̀ọ́, má tíì sọ fún ìyá mi.

Mo ti kọ ìwé mánéjà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Bàbá Sàlíhù rò pé ẹ̀bẹ̀ àwọn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọfà ló wà níbẹ̀, orúkọ mi ni mo sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,
Ṣàfíù.