Ẹni Tó Mọ Ìbò Gbogbo Ayé: Alhaji Mìkáílù Àkànní Ọládàpọ̀ (1951–2025)

Alhaji Mìkáílù Àkànní Ọládàpọ̀, tí a tìtorí wọn pé jọ síbi fídáù ogójì ọjọ́ yìí, ni ọkùnrin kan ṣoṣo láti Woolwich dé Abbey Wood tí ìdìbò kò já kulẹ̀ rí. Ìbò Nàìjíríà, ìbò ìlú òyìnbó, ìbò àwọn ilẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn máa wọ ọkọ̀ òfurufú kó tó débẹ̀: ẹ ṣáà dárúkọ ẹkùn, Alhaji á sọ ibi tí ẹkùn náà máa tẹ̀ka sí. Ẹbí fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ẹbí sì ń bẹ ẹ̀yin èèyàn wa pé kí ẹ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Bàbá sí ní ọdún 1951, ní Òkè-Àgbò, sínú ẹbí Olóògbé Sùnmọ́nù Ọládàpọ̀ àti Olóògbé Ràbíátù Àbẹ̀kẹ́. Oníṣòwò obì ni bàbá wọn. Wọ́n ń kó gbànja lọ sókè Ọya, wọ́n sì máa ń fọ́nnu pé bí oníbàárà bá ti dárúkọ ìlú rẹ̀, àwọn ti mọ̀ bóyá pupa ni yóò mú tàbí funfun. Ọmọ kì í jogún obì kó má jogún ẹnu tí wọ́n fi ń tà á. Bàbá gba ẹ̀kọ́ náà, wọ́n gbé e kúrò lórí obì, wọ́n gbé e ka orí ìbò.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ansar-Ud-Deen, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1972. Nígbà ìdìbò ọdún 1979, àwọn ni wọ́n jókòó ti àpótí ìbò ní àdúgbò wọn. Kí wọ́n tó ka ìbò ni Bàbá ti sọ ẹgbẹ́ tó máa wọlé, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń ṣe, tí ewúrẹ́ pàápàá ì bá sọ ọ́, àmọ́ Bàbá kò ka ìyẹn sí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni gbogbo pé: “Sọ ìlú rẹ fún mi, n ó sọ ìbò rẹ fún ọ.”

Ní ọdún 1980 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, Alhaja Falilat, ọmọ Ìbàdàn. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ní obìnrin Ìbàdàn ò ní í gbọ́rọ̀ sí ọkọ lẹ́nu. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n yọ ìlú kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ọjọ́ ogbó tó dé.

Ọdún 1984 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí London. Barnfield Estate ní Woolwich ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ilé. Wọ́n gbálẹ̀ ọ́fíìsì, wọ́n ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó bọ́ sídìí bọ́ọ̀sì 177 tó ń lọ láti Thamesmead sí Peckham, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2016. Obìnrin tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ á gbọ́ ọ: “Mummy, níbo lẹ ti wá? Ọ̀fà? Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún.” Mummy ọ̀hún ò dìbò rí láyé.

Ní ọdún 1999 ni a kó lọ sí South Thamesmead. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kó dé, Bàbá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fi òòlù kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín ọgbà wa àti tirẹ̀. Bàbá jáde lọ bá a. Ọkùnrin náà nawọ́, ó ní Segundo Nahuelpán ni orúkọ òun, pé ọmọ Chile ni òun, pé ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1973 ni òun sá kúrò nílé. Ó ní Mapuche ni ẹ̀yà òun, pé ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn ni àwọn ọmọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú tàbí ní Ṣàgámù, ẹ ti mọ ohun tó kọjá lọ́kàn Bàbá. Ọkùnrin kan, òòlù lọ́wọ́, èèkàn nílẹ̀, ó ní ọmọ ilẹ̀ ni òun. Bàbá padà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Ìyá Munir, ọmọ onílẹ̀ ti dé Thamesmead.”

“Ti ilẹ̀ wo, Daddy Munir? Ṣebí ilé káńsù ni?”

“Mi ò mọ̀. Ó ti ń kan èèkàn ná.”

“Ẹ tètè lọ fún un ní nǹkan kó tó pe àwọn yòókù.”

Bàbá gbé páálí malt kan lé èjìká, wọ́n lọ gbé e síwájú ọkùnrin náà, wọ́n ní kó dákun, ohun tágbára ká nìyẹn. Omi lé ròrò sójú onítọ̀hún. Ó ní láti ọdún tí òun ti wà ní London, aládùúgbò kankan ò gbé nǹkan mímu wá kí òun rí. Ọgbà lásán ló fẹ́ ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Segundo ti di Ṣẹ́gun lẹ́nu Bàbá, Mìkáílù sì ti di Mike. Àwa ọmọ ń pè wọ́n ní Uncle Ṣẹ́gun títí di òní.

Gbogbo Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì máa ń wọ Woolwich Ferry. Wọ́n á sọdá sí North Woolwich, wọn ò ní í ra nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ padà. Nígbà tí a bi Bàbá pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Orí ọkọ̀ yẹn ni Bàbá ti kọ́ ilẹ̀ Chile tán, pàápàá Araucanía ní ìhà gúúsù, ẹkùn ìbílẹ̀ Uncle Ṣẹ́gun, níbi tí àwọn Mapuche pọ̀ sí. Uncle Ṣẹ́gun ṣàlàyé pé bó bá di ìdìbò sípò ààrẹ, àwọn tí Bàbá ń pè ní Tory ilẹ̀ Chile, àwọn tí kì í fẹ́ àyípadà, ni ẹkùn náà sábà máa ń dìbò fún. Bàbá ní àwọn tó ń ka ìbò ni kò mọ ìṣirò. “Ọmọ onílẹ̀ kì í kọ ilẹ̀.” Ní 2020 ni wọ́n bi gbogbo ará Chile bóyá wọ́n fẹ́ ìwé òfin tuntun. Bàbá ní Araucanía á ní bẹ́ẹ̀ ni. Araucanía ní bẹ́ẹ̀ ni. A ò gbádùn nínú ilé fún oṣù mẹ́ta.

Wọ́n wá kọ ìwé òfin náà tán. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè ni àwọn Mapuche àti àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ yòókù nínú ilẹ̀ Chile. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n dìbò lé e lórí. Uncle Ṣẹ́gun wọ kóòtù tó dára jù, wọ́n lọ dìbò tiwọn níhìn-ín ní London. Ọkàn Bàbá balẹ̀ débi pé wọn ò gbọ́ ìròyìn kí wọ́n tó sùn. Nígbà tó di àárọ̀ Monday, wọ́n wọ agbádá, wọ́n gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ tí Alhaja sè, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Uncle Ṣẹ́gun, wọ́n sì gbé kúlà lé wọn lọ́wọ́.

“Ṣẹ́gun, o kú oríire. Ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀.”

“Mike, wọ́n ti kọ̀ ọ́.”

“Níbòmíràn nìyẹn. Araucanía ni mò ń sọ.”

“Araucanía náà ni mò ń sọ. Nínú ẹni mẹ́rin, bí ẹni mẹ́ta ló ní rárá.”

Ẹlòmíràn ì bá ní ó mà ṣe o. Bàbá tún agbádá gbé sí èjìká. “Ṣé ó dá ẹ lójú pé Mapuche ni wọ́n?”

“Kì í ṣe Mapuche nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi, Ester, rárá lòun náà dì.”

“Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni yín ṣá?”

Uncle Ṣẹ́gun rọra pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá wálé lọ́wọ́ òfo. Alhaja bèèrè pé kúlà òun dà. Bàbá ní ó wà nínú ilé ọ̀tá.

Ẹbí kò ní í fi í pamọ́ pé àkókò náà le fún Bàbá ju àìsàn tó padà wá lọ. Oúnjẹ kò wù wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, wọn ò dá a lóhùn. Ní Sátidé, wọ́n ṣì ń wọ Woolwich Ferry, Uncle Ṣẹ́gun náà sì ń wọ̀ ọ́. Bàbá á dúró níwájú ọkọ̀, Uncle Ṣẹ́gun á dúró lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, ẹni tó wà níwájú á di ẹni ẹ̀yìn, kálukú á sì fi ìbínú rìn lọ sí ìkángun kejì. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, ìlú Èkó náà tún dìbò bí Bàbá ṣe búra pé kò lè dì í. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, oúnjẹ ń tutù.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, Bàbá sin Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ní Thamesmead tọkàntọkàn. Wọ́n ń gbé àwọn àgbàlagbà lọ sí Jímọ́ọ̀ ní Woolwich, òjò ìbáà máa rọ̀. Àwọn ọmọ tó fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú wọ̀lú ń sùn ní pálọ̀ wa títí wọ́n á fi rí yàrá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Bàbá jáde fún ipò alága. Alhaji Ìbítóyè, ọmọ Ìbàdàn, ni wọ́n jọ dù ú. Alhaji Ìbítóyè ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn èèyàn pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìtọ́jú ní ìpàdé àárọ̀ Sátidé kò bá shift àwọn mu. Alhaji Ìbítóyè ní àwọn á gbé e sí ìrọ̀lẹ́ Sunday.

Bàbá jókòó sílé, wọ́n ń fi ìka kà á: Ìjẹ̀bú-Òde, tèmi, Ìjẹ̀bú-Igbó, tèmi, Àgọ́-Ìwòyè, tèmi, Ìbàdàn, ẹ fún Ìbítóyè.

“Daddy Munir, ẹ ò ṣe lọ kí wọn?”

“Kí ni mo fẹ́ máa kí wọn fún? Ará ilé ẹni ni wọ́n.”

Ará Ìjẹ̀bú kún gbọ̀ngàn ìpàdé fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìdìbò. Ìbò méjì ni Bàbá ní. Ọ̀kan jẹ́ tiwọn.

Nígbà tí a délé, wọ́n bi Alhaja pé ta ló dìbò fún. Alhaja ní Ìbítóyè ni. Bàbá mi orí. “Mo mọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ́. Ó kéré tán, ẹnì kan dìbò bí ìlú rẹ̀.”

“Ìlú kọ́,” ni Alhaja wí. “Bí wọ́n bá fi yín ṣe alága, mi ò ní í rí yín nílé mọ́.”

Bàbá dìde. Wọ́n lọ jókòó sínú ọgbà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni Uncle Ṣẹ́gun sì ti bá wọn. Wọ́n gbé kúlà Alhaja dání, búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ló kún inú rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án, àwọn méjèèjì ò tíì bára wọn sọ gbólóhùn kan. Uncle Ṣẹ́gun wo Bàbá, wọ́n ní:

“Mike, mo gbọ́ èsì. Ṣé ó dá ẹ lójú pé ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bèèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti bèèrè lẹ́nu ilẹ̀kùn: “Kí ló dé tí Ester fi ní rárá?”

“Ó ní àwọn tó ń fi orúkọ òun sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gun òkè wá sílé òun wá bi òun.”

Bàbá jẹ búrẹ́dì díẹ̀. “Èmi náà ò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.”

Uncle Ṣẹ́gun ní kí Bàbá fẹnu ara wọn tọrọ ẹ̀, wọ́n sì pè é lórí fóònù níbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sunday ni Bàbá ń kí Auntie Ester, Uncle Ṣẹ́gun ń ṣe ògbufọ̀. Wọn ò tún sọ ìbò ẹnikẹ́ni fún un mọ́. Wọ́n ń bi í léèrè ni.

Àìsàn ọkàn ló mú Bàbá lọ ní oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Nígbà tí wọ́n sọ Bàbá kalẹ̀, Uncle Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ṣọ́bìrì, kò sì sẹ́ni tó bá wọn du ú.

Àwọn tó gbẹ́yìn Bàbá ni Alhaja Falilat, aya wọn. Àwọn ọmọ, Munir àti aya rẹ̀ Michelle, Waheedah, àti Anisah. Àwọn ọmọ ọmọ, Nasir, Kàfí àti Támilórè. Àbúrò wọn, Alhaja Mọ́wùnmí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àti Uncle Ṣẹ́gun, ọmọ ilẹ̀.

Alhaji, kí Ọlọ́hun Ọba fi àánú gbà yín, kó jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́yìn, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ ṣe àárò wa ju bí a ṣe ń ṣe tiyín lọ. Ẹ sinmi re o, Àkànní.

Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti wá kí wa. Ó ti ju ogójì èèyàn lọ tó ti fi omijé sọ fún wa pé òun gan-an ló di ìbò kejì fún Bàbá. Gbogbo ẹni tó dìbò lọ́jọ́ náà kò pé ogójì.