Sípíríǹgì Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Lé Ìyá Rẹ Kúrò Nílé

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? A ò ní gbọ́ aburú nípa rẹ láéláé. Ara tèmi le. Lẹ́tà ni mo kọ torí fóònù ti kú: mo gbé e sábẹ́ mọ́tò kí ìwọ náà lè gbọ́ bó ṣe ń ké, mo wá wakọ̀ síwájú díẹ̀ kó lè ké dáadáa. Bóyá o gbọ́ ọ. Fóònù ò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà.

Sípíríǹgì tuntun tí o fi ránṣẹ́ fún mọ́tò dé o, ó le koko. Mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú, pé àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti rọ̀ jù fún un. Mo ní rárá o, owó mi ló fẹ́ jẹ. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ yẹn mọ ojú ọ̀nà, òun ló máa kọ́ sípíríǹgì ọmọdé yìí níwà. Ṣebí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Háà! Àgbà ò rí nǹkan kan ṣe o. Mò ń gbé ìyá rẹ lọ sílé àbúrò rẹ̀, a kan kòtò kékeré kan, mọ́tò fò, ó balẹ̀, ó tún fò, ó ń fò lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn, bẹ́ẹ̀ kòtò ti wà lẹ́yìn wa tipẹ́. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, mọ́tò kọ́kọ́ rò ó ná. Orí ìyá rẹ gbá òrùlé mọ́tò, gèlè gba ojú fèrèsé jáde. Mo ní kó má bínú, pé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ṣì ń mọ ara wọn ni. Ó ní kí n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó he gèlè rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ní òun ò ní padà wálé àfi nínú mọ́tò tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò sókè, ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Bí sípíríǹgì bá ṣe le tó ni kí agbára ṣọ́ọ̀kì ṣe tó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sì le jù, mọ́tò á gan bí pákó. Mo ti kọ nọ́ńbà ara sípíríǹgì sẹ́yìn ìwé yìí. Jọ̀ọ́, mú un lọ fún ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì, kó wá mẹ́rin tó bá a mu.

Bí owó bá wà, fi díẹ̀ kún un, torí ọbẹ̀ tí mò ń dá sè, ajá gan-an yẹra fún un. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ni kó kọ́kọ́ dé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Láàárọ̀ àná, mo ti gbé omi ìwẹ̀ ìyá rẹ kaná kí n tó rántí pé kò sí nílé.

Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní aya rere. Lọ́jọ́ tó bá sì bínú sọ̀kalẹ̀, kó má lọ jìnnà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.