Ìgbà tí Èmi àti Ìyá Dàda Fi Orin Sílẹ̀

                                        Ilé Ọládipọ̀,
                                        Ìtàjí-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2003.

Àṣàkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí ire? Ará Ìlógbò ńkọ́, orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń wúkọ́, àbí ó ti gbà láti lo oògùn? Ara tèmi le. Victoria, ìyàwó ọmọ mi, tó wá kí mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Nọ́ọ̀sì kan wá bá ẹgbẹ́ àwa ìyá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìdààmú a máa tètè sọ ènìyàn di arúgbó. Ó ní omi kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ họ́móònù: ti ìbínú a máa jẹ eegun bó bá pọ̀ jù, èyí tó sì ń ṣọ́ eegun fún obìnrin ti bá nǹkan oṣù wa lọ. Kí a dín iyọ̀ kù, kí a máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú eegun rẹ̀, kí èròjà ara lè dọ́gba. Ó wá bèèrè ẹni tó ń bínú lójoojúmọ́ nínú wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí èmi àti Ìyá Dàda, orogún mi.

O mọ̀ wá. Láti ìgbà tí olóògbé ọkọ wa ti gbé e wọlé la ti ń fi orin bú ara wa nídìí odó. Nítorí eegun, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá náà la fi orin sílẹ̀. À ń gúnyán bí ẹni ń gbẹ́ sàréè. "Ẹ kú iṣẹ́, ìyálé mi." "O ṣeun, ìyàwó." Ẹnu ń yún mi.

Kò pẹ́ tí Ìyá Dàda fi kọ oúnjẹ, tó kọjú sógiri. Dókítà ní òun kò rí àrùn kankan. Dàda ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò wá láti Ìbàdàn, ó ń di ẹrù rẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá lọ, kò ní padà mọ́. Èmi nìkan ni yóò kù nínú ulé ńlá yìí.

Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà. Èmi kò léyín mọ́, ahọ́n ló kù fún mi. Mo yí odó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo dá orin:

Iyán ta ló ní kókó?
Iyán ìyàwó tó ń sá lọ.

Dàda ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ara wọn ò yá." Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ti dìde.

"Ẹ gbé ọmọ odó yẹn wá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé yìí, ẹ ò mọ iyán tó dára, iyọ̀ nìkan lẹ mọ̀."

Ó gúnyán, ó jẹ ẹ́, ó rún eegun ẹja mọ́ ọn. Dàda tú ẹrù.

Nọ́ọ̀sì ti padà wá, ó ní ara wa ń dán. Mo ní ẹja wẹ́wẹ́ ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ọmọ́tọ́lá ọmọ rẹ. Bí o bá ń bọ̀ fún ọdún, mú ẹja náà dání. Bí o bá sì bá wa nídìí odó, má là wá.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí eegun rẹ̀ ṣì le,
                                        Ìyá Bámgbóṣé.